Òkú Tí Kò Gba Ètùtù: Láti Inú Kànga Okiku Dé Inú Tẹlifíṣọ̀n Sadako

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá inú ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Japan, àti bí àwọn onísinimá ṣe ń lò wọ́n lóde òní. Inú kànga ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Okiku. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni lọ́dọ̀ ọ̀gá ológun kan. Àwo olówó iyebíye mẹ́wàá wà nílé náà, ohun àjogúnbá ni, Okiku ló sì ń tọ́jú wọn. Ọ̀gá rẹ̀ ń fẹ́ bá a lò pọ̀. Ọmọ náà kọ̀. Ni ọkùnrin yìí bá mú ọ̀kan pamọ́ nínú àwo náà, ó wá ní kí Okiku kà wọ́n lójú òun. Mẹ́sàn-án ló bá. Ó tún wọn kà, mẹ́sàn-án náà ni. Ọ̀gá ní bó bá ti lè gbà fún òun, òun á fojú fo ọ̀rọ̀ àwo dá. Okiku tún kọ̀. Wọ́n pa á, wọ́n gbé òkú rẹ̀ jù sí kànga. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a máa gbọ́ ohùn nísàlẹ̀ kànga: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Bó bá ka ẹ̀sán tán, á figbe ta, á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

Ní ìlú Himeji, kànga kan ṣì wà nínú ọgbà ààfin ìlú náà tí wọ́n ń pè ní kànga Okiku. Àwọn àlejò a máa yọjú wò ó. Oríṣìíríṣìí ni ìtàn náà, ti Himeji yàtọ̀ sí ti Edo, ìlú tó di Tokyo. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ní ọkùnrin kan lọ lúgọ sétí kànga náà lóru. Okiku kà á dé ẹ̀sán. Kó tó lanu ké, ọkùnrin náà pariwo: "Ẹ̀wá!" Ohùn inú kànga dákẹ́. Kò tún ké mọ́.

Ẹ fi "ẹ̀wá" yẹn sọ́kàn, torí ìdí rẹ̀ ni mo ṣe wá. Nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Japan, òkú tó ń bínú ní ohun tó ń fẹ́. Ẹni tó bá mọ nǹkan náà, tó sì ṣe é fún un, ti tù ú lójú. Ètùtù ni àwa ń pe irú ìyẹn, n kò sì rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn tó ń ṣe sinimá ẹlẹ́rù ní Japan wá ṣe ní nǹkan bí ọdún 1998 ni pé wọ́n mú òkú náà bó ṣe rí, wọ́n mú aṣọ rẹ̀, irun rẹ̀, kànga rẹ̀, wọ́n wá yọ ètùtù kúrò. Àwọn tó ń ṣe ánímè, ìyẹn eré tí wọ́n fi àwòrán yíyà ṣe, ni wọ́n gba ètùtù náà mọ́wọ́, tí wọn kò jẹ́ kó ṣubú. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà àwọn méjèèjì ti yà, ju ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti igbe lọ.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ irú òkú tí à ń sọ. Yurei ni wọ́n ń pe ẹ̀mí òkú tí kò tíì rọ́nà lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà ibi tí wọ́n hù sí i ló dá a dúró, tó wá ń gbẹ̀san, onryo ni. Ẹnìkan ti bi mí rí bóyá àkúdàáyà náà ni. Rárá o. Àkúdàáyà á kú níbì kan, á lọ máa gbé níbòmíràn, á tajà, á fẹ́ aya, á bímọ, ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ bá já lù ú ni yóò pòórá. Àkúdàáyà ń sá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Onryo ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kiri, kò sì ní jáwọ́ nínú ohun tí wọ́n fi ṣẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí mo bá ní "òkú" lónìí, ẹ má fi ti ilé wa rò ó.

Ẹni tí ó yẹ ká fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ kì í ṣe obìnrin, kò sì wọṣọ funfun. Sugawara no Michizane ni orúkọ rẹ̀, ọ̀mọ̀wé ni, akéwì ni, ó sì di ìjòyè ńlá láàfin ní Kyoto. Àwọn ọmọ ìdílé Fujiwara kò fẹ́ ẹ. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn, wọ́n sì lé e lọ sí Dazaifu ní erékùṣù Kyushu ní ọdún 901. Ọdún 903 ló kú síbẹ̀ pẹ̀lú ìbànújẹ́. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yíwọ́. Fujiwara no Tokihira tó jẹ́ olórí ọ̀tá rẹ̀ kú ní 909. Àrẹ̀mọ ọba kú ní 923. Ní 930, àrá sán lu ààfin, ó pa àwọn ìjòyè níbẹ̀, ọba fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó sì kú lọ́dún yẹn náà. Gbogbo ìlú mọ ẹni tó ń jà.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá oyè rẹ̀ padà fún un, òkú rẹ̀ gba ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ààyè rẹ̀. Ní 947, wọ́n kọ́ ojúbọ Kitano fún un ní Kyoto. Ẹni tó ń sán àrá pa èèyàn di Tenjin, òrìṣà ẹ̀kọ́. Lónìí, bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lọ síwájú rẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀bẹ̀ wọn sára pátákó pẹlẹbẹ, wọ́n á so ó kọ́. Ẹ wo bí ìbínú ṣe pọ̀ tó, ẹ wá wo ibi tí ètùtù gbé e dé. Ẹ̀kọ́ tí ilẹ̀ Japan kọ́ lára Michizane ni gbogbo ìtàn onryo tó kù dúró lé.

Àwòrán òkú tí gbogbo wa wá mọ̀ báyìí, ìgbà Edo ní Japan, láàárín 1603 sí 1868, ló ti wá. Aṣọ funfun tí ẹ ń rí lára rẹ̀, aṣọ ìsìnkú ni. Irun rẹ̀ tó tú sílẹ̀ ní ìtumọ̀ tirẹ̀: láyé ìgbà náà, obìnrin kì í tú irun sílẹ̀ níta, ó máa ń dì í sókè ni. Òkú tí wọ́n ti tọ́jú fún sàréè ló ń tú irun. Ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Maruyama Okyo, tí wọ́n bí ní 1733, ya irú òkú bẹ́ẹ̀ láìsí ẹsẹ̀, àwòrán náà parẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Wọ́n sábà máa ń sọ pé láti ara àwòrán yẹn ni àwọn òkú ilẹ̀ Japan ti pàdánù ẹsẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Oiwa dé. Ní 1825 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré ìtàgé kabuki tó gbé e jáde, Tsuruya Nanboku kẹrin ló kọ ọ́. Ọkọ Oiwa, Iemon, jẹ́ ọmọ ogun tí kò ní ọ̀gá mọ́, òṣì sì ń ta á. Ìdílé olówó kan ládùúgbò fẹ́ kó wá fẹ́ ọmọ-ọmọ wọn. Oiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ara rẹ̀ kò tíì le. Wọ́n fi májèlé ránṣẹ́ sí i, wọ́n ní oògùn ni. Ó sì dúpẹ́ kó tó mu ún. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ wú, ó bàjẹ́. Ó jókòó, ó fẹ́ ya irun rẹ̀ kó lè lọ bá àwọn aládùúgbò náà wí tiyìtiyì, irun bẹ̀rẹ̀ sí í re sọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. N kò tíì rí ohun tó bani lẹ́rù tó sì bani nínú jẹ́ tó ìyẹn pa pọ̀. Títí di ìsinsìnyí, àwọn òṣèré tó bá fẹ́ ṣe eré Oiwa a máa kọ́kọ́ lọ sí ojúbọ rẹ̀ ní Yotsuya láti tọrọ àyè. Wọn kì í fi orúkọ rẹ̀ ṣeré láìkí i.

Ohun kan wà nínú eré Oiwa tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé. Àtùpà oníwèé ńlá kan á máa jó lórí ìtàgé. Ìwé rẹ̀ á gbiná, láti inú iná náà ni Oiwa á ti yọ, á rá jáde sí ọ̀dọ̀ Iemon. Òkú ń gba inú àpótí ìmọ́lẹ̀ wọ yàrá. Àwọn èèyàn ayé ìgbà yẹn rí i, wọ́n sì figbe ta.

Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní 1998, Nakata Hideo ṣe sinimá Ringu láti inú ìwé tí Suzuki Koji kọ ní 1991. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan wà. Ẹni tó bá wò ó, fóònù rẹ̀ á dún, ọjọ́ méje ló kù fún un láyé. Sadako ló ni ègún náà, ọmọbìnrin tí wọ́n tì sínú kànga. Nínú ìwé, Sadako kò jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n rárá. Sinimá ló dá ìyẹn sílẹ̀, ó sì jẹ́ pé wọ́n padà sídìí àtùpà Oiwa ni, bí wọ́n mọ̀ ọ́n, bí wọn kò mọ̀ ọ́n. Kànga Okiku wà nínú tẹlifíṣọ̀n, aṣọ funfun àti irun títú wà níbẹ̀, àpótí ìmọ́lẹ̀ sì di ẹnu ọ̀nà. Ìrìn rẹ̀ tó ń ṣeni ní kàyéfì yẹn, òṣèrébìnrin náà fi ẹ̀yìn rìn ni, wọ́n wá yí àwòrán náà padà kó lè dà bíi pé iwájú ló ń bọ̀. Ẹsẹ̀ tí Okyo gbà lọ́wọ́ òkú, Nakata dá a padà, ó sì burú ju àìsí ẹsẹ̀ lọ.

Ìtàn ìyá Sadako pẹ̀lú ní gbòǹgbò. Obìnrin kan wà ní Japan tòótọ́ tó ń jẹ́ Mifune Chizuko, tí wọ́n ní ó lè rí ohun tó wà nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Fukurai Tomokichi, olùkọ́ ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo, dán an wò ní 1910. Àwọn èèyàn pè é ní ẹlẹ́tàn, àwọn ìwé ìròyìn dá sí i. Ní 1911 ó gbé májèlé jẹ, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Nínú sinimá, àwọn oníròyìn dojú ìjà kọ ìyá Sadako níbi tó ti ń fi agbára rẹ̀ hàn, obìnrin náà sì pa ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ìyà obìnrin kan tó ti wà láyé rí wà lábẹ́ ìtàn àtọwọ́dá yìí, ó sì dùn mí pé àwọn tó ń sá fún Sadako kì í mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ètùtù ti já. Reiko, akọ̀ròyìn tó wo kásẹ́ẹ̀tì náà, àti Ryuji, ọkọ rẹ̀ àtijọ́, wá ìdí ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n wa omi kúrò nínú kànga, wọ́n rí egungun ọmọ náà, Reiko gbé agbárí rẹ̀ mọ́ra bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ. Àsìkò tó yẹ kó kú kọjá, kò kú. Ẹni tó bá mọ ìtàn Okiku á mí kanlẹ̀ níbẹ̀: wọ́n ti ké "ẹ̀wá," ó parí. Lọ́jọ́ kejì, Ryuji nìkan wà nílé, tẹlifíṣọ̀n tan fúnra rẹ̀, Sadako jáde, ó pa á. Ìgbà yẹn ni Reiko tó mọ ohun tó gba òun là. Ó ti da kásẹ́ẹ̀tì náà kọ, ó sì ti fún ẹlòmíràn wò. Sadako kò fẹ́ ìsìnkú, kò fẹ́ omijé. Ó fẹ́ kí ègún òun máa tàn kálẹ̀. Ọmọ Reiko náà ti wo kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún. Níparí eré, ìyá rẹ̀ ń wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà.

Mo wo sinimá yìí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n mi, nínú pálọ̀ kan tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀. Ohun tó gba oorun mi lóru ọjọ́ yẹn kì í ṣe ojú Sadako. Agbárí tí Reiko gbé mọ́ra ni. Èmi ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé kò sí ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè tù, mo rí ẹ̀bẹ̀ tó tọ̀nà tí wọn kò gbà.

Ìtàn kan wà tó fẹ́ tako mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn, inú Kojiki ló wà, ìwé tí wọ́n parí ní ọdún 712. Izanami àti Izanagi ni tọkọtaya tó bí àwọn erékùṣù ilẹ̀ Japan. Izanami bí òrìṣà iná, iná jó o, ó kú. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e dé Yomi, ìlú àwọn òkú. Obìnrin náà ní òun ti jẹ oúnjẹ ibẹ̀, ṣùgbọ́n òun á bẹ àwọn tó ni ibẹ̀. Kí ọkọ òun má ṣáà wo òun. Ọkọ kò lè mú sùúrù. Ó ṣẹ́ eyín kan lára ìyarun rẹ̀, ó tan án bí ògùṣọ̀, ó wò: ìdin bo ìyàwó rẹ̀, ara rẹ̀ ti ń jẹrà. Ó sá. Izanami lé e pẹ̀lú àwọn abàmì obìnrin Yomi. Izanagi yí òkúta ńlá dí ojú ọ̀nà. Láti ẹ̀yìn òkúta ni Izanami ti ní: ẹgbẹ̀rún èèyàn rẹ ni n ó máa pa lójoojúmọ́. Ọkọ rẹ̀ dáhùn pé ilé ìbímọ ẹgbẹ̀jọ ó dín ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 1500, lòun yóò máa kọ́ lójoojúmọ́.

Kò sí ètùtù níbẹ̀. Wọn kò parí ìjà. Iye ni wọ́n dá fún ara wọn, tòun ti òkúta láàárín. Bí mo bá wo Reiko lójú ọ̀nà pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tó ń ṣírò ẹni tí yóò kú kí ọmọ rẹ̀ lè yè, Izanagi ni mo ń rí lẹ́yìn òkúta. Nítorí náà n kò ní sọ pé Nakata ba àṣà jẹ́. Ó fo Michizane àti Okiku kọjá, ó lọ bá ìyá gbogbo wọn.

Ju-on, tí Shimizu Takashi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fún fídíò ní 2000, tó sì wá ṣe fún ilé sinimá ní 2002, le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ Kayako pa á nínú ilé. Ègún ilé náà ń mú ẹnikẹ́ni tó bá wọ ibẹ̀, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tó wá tọ́jú arúgbó. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tí Kayako fẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, àmọ́ n kì í padà wò ó. Ó dà bí aáwọ̀ tí ẹni tó ni ín ti gbàgbé ìdí rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ayàwòrán.

Mizuki Shigeru ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i, ìlú etíkun Sakaiminato ló ti dàgbà. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NonNonBa. Òun ló máa ń sọ fún un nípa àwọn yokai, ìyẹn àwọn iwin àti abàmì ẹ̀dá tó ń gbé inú omi, igbó, àjà ilé, ilé ìwẹ̀. Ogun àgbáyé kejì dé, wọ́n kó o lọ sí Rabaul ní erékùṣù New Britain. Bọ́ǹbù gba apá òsì rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún tó kù ló fi ya gbogbo ohun tó yà lẹ́yìn náà.

Ọ̀kan nínú wọn ni Nurikabe. Láyé àtijọ́, Nurikabe kò ní ojú, kò ní ẹsẹ̀. Orúkọ lásán ni fún ohun tó máa ń dí arìnrìn-àjò lọ́nà lóru ní etíkun Kyushu: wàá máa rìn, ó dédé dà bíi pé ògiri wà níwájú, o kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kéèyàn fi igi gbá a nísàlẹ̀. Mizuki ní òun fúnra òun kò ó nínú igbó lákòókò ogun, tí òun ti ọwọ́ síwájú tí kò lọ. Ó wá yà á: ògiri ńlá tó ní ojú kékeré méjì àti ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ Japan tó gbọ́ Nurikabe tí kò rí ògiri olójú yẹn. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin ọlọ́wọ́ kan ló fún ẹ̀rù tí kò lójú ní ojú.

Kitaro ni ọmọ tó gbé e lókìkí. Inú ibojì ni Kitaro ti jáde, láti ara ìyá tó ti kú, òun nìkan ló kù nínú ìran rẹ̀. Bàbá rẹ̀ náà ti jẹrà tán, ẹyinjú kan ló kù, ẹyinjú yẹn ló hu apá àti ẹsẹ̀ nítorí ìfẹ́ ọmọ. Inú abọ́ tíì ló ti ń wẹ̀. Ánímè Kitaro bẹ̀rẹ̀ ní 1968, wọ́n sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan ní ìran kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà. Iṣẹ́ Kitaro ni láti dúró láàárín èèyàn àti yokai. Bí yokai bá ń ṣe ibi, á bi í ní ìdí rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn ló ti wó ilé yokai náà tàbí tó gé igi rẹ̀. Mizuki kú ní 2015. Ní Sakaiminato, ère bàbà tó lé ní 170 ti àwọn ẹ̀dá rẹ̀ ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìlú tí ó ti ń gbọ́ ìtàn NonNonBa lọ́mọdé wá di ojúbọ fún gbogbo wọn.

Miyazaki Hayao, tó ń ṣe ánímè, mọ ètùtù, ó sì mọ̀ pé ó lè má ṣiṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ Mononoke Hime, tó jáde ní 1997, ni kí ẹ lọ wò. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ńlá kan tó jẹ́ òrìṣà ti di tatarigami, òrìṣà tó ń fi ègún jà, nítorí ọta irin tó wà nínú ara rẹ̀. Ó kọlu ìlú, wọ́n ta á lọ́fà, ó ń kú lọ. Ìyá àgbà tó jẹ́ aríran ìlú náà kò sá. Ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tẹríba, ó ní níhìn-ín ni àwọn yóò ti kọ́ òkìtì fún un tí àwọn yóò máa bọ ọ́, kó jọ̀wọ́ má bínú sí àwọn. Ẹlẹ́dẹ̀ náà dá a lóhùn pẹ̀lú ìkórìíra, ó sì kú. Ègún ti wà lápá Ashitaka, ọ̀dọ́kùnrin tó ta á lọ́fà. Ṣé ẹ rí i pé ọdún kan péré ló wà láàárín ẹ̀bẹ̀ yìí àti agbárí tí Reiko gbé mọ́ra? Ẹ̀bẹ̀ méjèèjì já. Ìyàtọ̀ ni pé Ashitaka dìde, ó lọ wá ẹni tó yin ìbọn náà. Ó gbà pé bí ètùtù kò bá ṣiṣẹ́ lójú àpá, ó yẹ kéèyàn wá ibi tí ọgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú Spirited Away, eré rẹ̀ ti 2001, èyí tó gba Oscar ní 2003, ètùtù náà ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin Chihiro ń ṣiṣẹ́ nílé ìwẹ̀ àwọn òrìṣà. Àlejò kan dé tó ń rùn débi pé oúnjẹ ń bàjẹ́ níwájú rẹ̀, gbogbo ènìyàn sá. Chihiro wẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan kan tó gún àlejò náà lára, ó dè é lókùn, gbogbo ilé fà á: kẹ̀kẹ́ ló jáde, pàǹtírí tẹ̀ lé e bí ìṣàn. Odò ni àlejò náà, òrìṣà odò tí èèyàn ti sọ di ààtàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fò lọ. Mo ti wo ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, omi kì í wọ́n lójú mi. Ẹ sì kíyè sí i pé òfin Yomi wà nínú eré yìí: àwọn òbí Chihiro jẹ oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n di ẹlẹ́dẹ̀, Chihiro fúnra rẹ̀ ní láti jẹ nǹkan ibẹ̀ kó má baà parẹ́. Oúnjẹ Izanami ni, lẹ́yìn ẹgbẹ̀fà ọdún ó lé.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rú ètùtù o. Ọmọ àbúrò mi kan sọ fún mi pé Amaterasu ni iná dúdú tó ń jáde láti ojú. Inú ánímè kan tó ń jẹ́ Naruto ló ti kọ́ ọ. Mo jókòó tì í, mo sọ fún un pé òrìṣà oòrùn ni Amaterasu, pé nígbà tí Izanagi ti Yomi dé tó ń wẹ ara rẹ̀ mọ́, ojú òsì rẹ̀ ló fọ̀ tí Amaterasu jáde, Tsukuyomi láti ojú ọ̀tún, Susanoo láti imú. Ọmọ náà dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi jẹ́ ojú." Inú mi dùn. Ẹni tó kọ eré náà mú orúkọ nìkan, àmọ́ ó fi okùn kan sílẹ̀ tí ọmọdé lè fà.

Ọ̀rọ̀ Sukuna inú Jujutsu Kaisen ló ń dùn mí. Nínú eré náà, ọba àwọn ègún ni, aláìláàánú. Nihon Shoki, ìwé ọdún 720, náà bá a wí: ó ní ní ilẹ̀ Hida, ọkùnrin kan wà tó ní ojú méjì tó kọ ẹ̀yìn síra, ọwọ́ mẹ́rin, pé kò gbọ́ràn sí ọba lẹ́nu, ó ń kó àwọn èèyàn lẹ́rù, ni wọ́n bá rán ọ̀gágun lọ pa á. Ṣùgbọ́n àwọn ará Hida fúnra wọn kò sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, akọni ni Sukuna, òun ló dá àwọn tẹ́ḿpìlì wọn sílẹ̀. Enku, àlùfáà tó ń gbẹ́ ère ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, gbẹ́ ère rẹ̀ náà. Ìtàn ẹni tó ṣẹ́gun ni ánímè náà gbé kárí ayé. Ì bá wù mí kó ti gbọ́ ẹnu àwọn ará Hida náà.

Kimetsu no Yaiba ṣe dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ. Orí ni wọ́n ń bẹ́ kí oni tó kú, oni ni abàmì ẹ̀dá tó ń jẹ èèyàn. Àwọn àgbà wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ó sì dà bíi pé ọmọkùnrin Tanjiro mọ̀ bẹ́ẹ̀: bó bá bẹ́ orí oni tán, á di ọwọ́ rẹ̀ mú bó ti ń di eérú, nítorí èèyàn ni oni náà tẹ́lẹ̀. Ní 2020, sinimá rẹ̀ kan di èyí tó pawó jù lọ nínú ìtàn ilé sinimá Japan, ó kọjá ti Chihiro.

Èyí tí n ó fi kádìí rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìta sinimá. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án tí ẹ mọ̀ nínú Naruto ní ẹ̀gbọ́n kan nínú ìtàn, Tamamo-no-Mae, tó di arẹwà obìnrin láàfin Ọba Toba, tí àìsàn sì ń jẹ ọba run. Nígbà tí wọ́n pa á, ó di òkúta ní Nasu, ohun alààyè tó bá sún mọ́ ọn á kú. Afẹ́fẹ́ olóró ló ń jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀ lóòótọ́, òkè oníná ni. Akéwì Basho dé ibẹ̀ ní 1689, ó sì kọ ọ́ pé òkú oyin àti labalábá bo ilẹ̀. Wọ́n ní àlùfáà kan, Genno, ti gbàdúrà fún ẹ̀mí inú òkúta náà tipẹ́tipẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2022, òkúta náà là sí méjì. Omi òjò ti ń wọ ojú sísán ara rẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Okùn mímọ́ tí wọ́n so yí i ká bọ́ sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì gbóná jákèjádò ayé: àwọn ọmọ ánímè ń sọ pé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti jáde. Àwọn ará Nasu kò ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Nínú oṣù yẹn kan náà, wọ́n pe àwọn àlùfáà, wọ́n gòkè lọ síwájú òkúta méjèèjì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tù ú.